Slapton àti Ọ̀nà Normandy: Ìtàn Ilẹ̀ Devon Kan Nígbà Ìmúrasílẹ̀ Ogun, 1943 sí 1944

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ogun ń gbé lé ọmọ ogun lọ́wọ́, ó ṣòro láti rí èyí tó le tó kí wọ́n ti inú òkun wá gbógun wọ etíkun tí ọ̀tá ti gbẹ́ kòtò sí, tí ó ti ri bọ́ǹbù mọ́ iyanrìn rẹ̀, tí ó sì ti to ìbọn ńláńlá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó gba orí ilẹ̀ wá jà lè fà sẹ́yìn bí ojú ogun bá gbóná jù, ṣùgbọ́n omi nìkan ló wà lẹ́yìn ẹni tó ti òkun wá, orí omi yẹn kan náà sì ni oúnjẹ rẹ̀, ọta ìbọn rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti àwọn tí yóò wá ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, tí ìtàn yìí yóò máa pè ní ìgúnlẹ̀ ogun, kì í ṣe ohun tí ìgboyà nìkan lè ṣe. Ó ń fẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dìídì kàn fún un, ó ń fẹ́ ọmọ ogun tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sínú omi pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti lè ṣe àṣìṣe wọn kí ọjọ́ tó pé. Ìgúnlẹ̀ ogun tó tóbi jù lọ tí ayé tíì rí wáyé ní Normandy, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, nígbà tí nǹkan bí 156,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti àwọn alájọṣe wọn dé láti òkun àti láti òfuurufú. Àwọn ìdílé Yorùbá tí ọmọ wọn bá ogun Hitler lọ sí Burma mọ ogun yẹn gẹ́gẹ́ bí ogun igbó àti òkè. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, ọ̀ràn òkun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú. Ìwé tí wọ́n ti kọ nípa ọjọ́ náà pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n àwọn oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ní ìtàn tiwọn, apá tó sì wúwo jù nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní South Hams, agbègbè oko kan ní Devon, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará abúlé ti fi ilé baba wọn sílẹ̀ fún ogun, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ogun sì ti kú kí wọ́n tó fojú kan Faransé.

Dieppe, ìlú èbúté kan ní Faransé, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọgbọ́n náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1942, nǹkan bí 6,000 ọmọ ogun gúnlẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 nínú wọn sì jẹ́ ará Kánádà. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, ìkọlù náà ti fọ́ yángá: 907 ará Kánádà ló bá a lọ, ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn sì bọ́ sí ìgbèkùn. Òkúta wẹ́wẹ́ etíkun há mọ́ ẹsẹ̀ àwọn táńkì ogun, ìyẹn ọkọ̀ onírin tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn dípò táyà, ìbọn tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń yìn kò sì tó láti pa àwọn ìbọn ọ̀tá lẹ́nu mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn olùṣètò ogun ti gbà pé wọn kò ní lè fi agbára gba èbúté ńlá kan tí ọ̀tá ti mọ odi yí ká, pé etíkun gbalasa ni wọn yóò dojú kọ, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ kankan tó fi imú kàn án. Ìdí nìyí tí Ọ̀gágun Logan Scott-Bowden, tí ó wà nípò mejò nígbà náà, àti Sájẹ́ǹtì Bruce Ogden-Smith fi lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etíkun Normandy ní òru ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1943, lábẹ́ imú àwọn ọmọ ogun Jámánì, tí wọ́n fi irinṣẹ́ gbẹ́ iyanrìn jáde ní oríṣiríṣi ibi, tí wọ́n sì lúwẹ̀ẹ́ padà, kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà yóò gbé táńkì tàbí yóò gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló tún fa ìrònú jù lọ. Ọkọ̀ ojú omi lásán nílò omi jíjìn, ó sì nílò èbúté tí yóò ti já ẹrù. Ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi àyà wọ́ dé orí iyanrìn, kí ó ṣí iwájú rẹ̀, kí ó tú ohun tó gbé sílẹ̀, kí ó sì tún lè fà padà sínú omi láti lọ gbé òmíràn wá. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lọ nínú àwọn kékeré ni èyí tí Andrew Higgins ṣe ní New Orleans ní Amẹ́ríkà. Kí ogun tó dé, àwọn tó ń dẹ pàkúté ẹran àti àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì ní àwọn ẹrẹ̀ àbàtà Louisiana ni Higgins ń kan ọkọ̀ fún, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ tí yóò gun orí gẹdú àti ẹrẹ̀ láìfọ́, tí ajẹ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì wà nínú ihò kan lábẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa ṣẹ́ ẹ. Ohun tó kù ni ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun yóò gbà jáde. Ní ọdún 1937, nígbà tí àwọn ará Japan ń bá Ṣáínà jà ní Shanghai, ọ̀dọ́ ọ̀gá ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Victor Krulak ya àwòrán ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ àwọn ará Japan, tí iwájú rẹ̀ ń ṣubú sílẹ̀ bí afárá, ó sì fi ránṣẹ́ sílé. Ó pẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó ka ìwé rẹ̀ sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní ọdún 1941 Higgins so irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36, pláíwúùdù, ìyẹn pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ara rẹ̀, ó sì ń gbé ọmọ ogun 36 pẹ̀lú ìbọn wọn. Ju 20,000 lọ ni wọ́n kàn kí ogun tó parí. Iléeṣẹ́ Higgins, tí kò ní ju nǹkan bí òṣìṣẹ́ 75 lọ ní ọdún 1938, ti gba ju 20,000 ènìyàn lọ ní ọdún 1943, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, ọkùnrin àti obìnrin, ní ìlú kan tí òfin àti àṣà ti ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n máa rántí nígbàkigbà tí wọ́n bá ń yìn ín fún pákó àti ìṣó.

Àwọn ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí kò lè dá sọdá òkun pẹ̀lú táńkì àti ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí náà wọ́n nílò ọkọ̀ ńlá kan tí yóò ti Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìgbì, tí yóò sì tún lè gorí iyanrìn bí ọkọ̀ kékeré. Ohun méjèèjì tako ara wọn, nítorí ọkọ̀ tí yóò bá ìgbì jà gbọ́dọ̀ rì jinlẹ̀ sínú omi, èyí tí yóò sì gúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ léfòó sókè. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣòro náà dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1941, John Niedermair, ayàwòrán ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, wá ìdáhùn rẹ̀ rí nínú omi fúnra rẹ̀: wọn yóò ṣe àwọn yàrá ńlá sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọn yóò bu omi òkun kún wọn nígbà ìrìn àjò kí ọkọ̀ lè wúwo, bí ó bá sì kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, ẹ̀rọ yóò fa omi náà jáde, ọkọ̀ yóò sì fúyẹ́ sókè. Ìdákọ̀ró kan tún wà ní ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń jù sómi kí ó tó kan ilẹ̀, òun sì ni wọ́n fi ń fa ara wọn padà. LST ni orúkọ tí wọ́n fún ọkọ̀ yìí. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 328, ẹnu rẹ̀ ń là sí méjì, ó sì lè gbé nǹkan bí 20 táńkì. Nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ etíkun Amẹ́ríkà ti kún fún iṣẹ́, ju ìdajì lọ nínú 1,051 LST tí wọ́n kàn ló jẹ́ pé àárín ilẹ̀, lẹ́bàá odò, ni wọ́n ti kàn án, ní àwọn ìlú bíi Seneca ní Illinois àti Evansville ní Indiana, tí Evansville nìkan sì kan 167. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tì í sódò nítorí odò kò fẹ̀ tó, yóò sì tọ odò Mississippi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn án kò fojú rí rí.

LST kò pọ̀ tó, àìtó rẹ̀ sì ló ń darí àwọn olórí ogun ju ìfẹ́ inú wọn lọ. Nígbà tí Ọ̀gágun Montgomery dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kìíní ọdún 1944, ó sọ pé dífíṣọ̀n mẹ́ta tí wọ́n ti pinnu pé yóò kọ́kọ́ gúnlẹ̀ kò tó, márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Dífíṣọ̀n ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó máa ń tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eisenhower, olórí gbogbo wọn, gbà fún un. Ọkọ̀ tí yóò gbé dífíṣọ̀n méjì sí i kò sí nílẹ̀, nítorí náà wọ́n sún ọjọ́ náà láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà kí iṣẹ́ oṣù kan sí i lè ti àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ jáde, wọ́n sì sún ìgúnlẹ̀ kejì tí wọ́n fẹ́ ṣe ní gúúsù Faransé sí oṣù Kẹjọ.

Ibi tí wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́ náà ló kàn. Ní Woolacombe, ní àríwá Devon, àwọn ará Amẹ́ríkà dá ilé-ẹ̀kọ́ ìgúnlẹ̀ kan sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943 lábẹ́ Paul Thompson, ẹnjiníà ọmọ ogun tó ti ronú jinlẹ̀ nípa àwọn odi Jámánì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tú ètò ẹgbẹ́ ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ ká, tí wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ 30, ìyẹn iye tí wọn yóò kó sínú ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ kan, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní àwọn tí yóò gé wáyà ẹlẹ́gùn-ún, àwọn tí yóò fọ́ odi pẹ̀lú bọ́ǹbù, àti àwọn tí yóò máa yìnbọn bò wọ́n, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ kan bá tilẹ̀ dá gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ, àwọn inú rẹ̀ lè jà fúnra wọn. Nítorí pé ọkọ̀ kò tó, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń kọ́ apá kan iṣẹ́ náà: wọ́n fi kọnkéré ṣe àwòrán ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ sórí iyanrìn Braunton Burrows, wọ́n ń wọ̀ ọ́, wọ́n ń jáde nínú rẹ̀ léraléra, àwọn kọnkéré náà sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Woolacombe dára fún ọ̀wọ́ kéékèèké, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ibi tí odindi dífíṣọ̀n yóò ti gúnlẹ̀, pẹ̀lú ìbọn gidi láti ojú omi. Slapton ni ojú wọn bà lé. Ní etíkun South Hams yìí, ilẹ̀ tóóró kan tí òkúta wẹ́wẹ́ bò wà láàárín òkun àti ọ̀sà, bí ilẹ̀ Lekki ṣe wà láàárín Òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Èkó, àyàfi pé ọ̀sà Slapton kéré púpọ̀, omi rẹ̀ kò sì ní iyọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀sà náà ni àwọn òkè oko bẹ̀rẹ̀. Ìrísí yìí ló fà wọ́n, nítorí etíkun Normandy tí wọ́n sọ ní Utah ní orúkọ àṣírí náà ní omi lẹ́yìn: àwọn ará Jámánì ti jẹ́ kí omi bo àwọn pápá ibẹ̀, kìkì àwọn ọ̀nà tóóró mélòó kan ni ọmọ ogun sì lè gbà kúrò ní iyanrìn. Ẹni tó bá lè jáde kúrò ní Slapton yóò ti mọ díẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò ní Utah.

Slapton kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Torcross, Slapton, Stokenham, Strete, Blackawton, East Allington, Sherford àti Chillington wà nínú éékà 30,000 tí ìjọba fẹ́, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ló sì ń gbé ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tí baba wọn àti baba ńlá wọn ti ro ilẹ̀ kan náà. Ní àárín oṣù Kọkànlá ọdún 1943, àwọn aláṣẹ pè wọ́n jọ sí inú ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn abúlé, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí gbogbo wọn ti kó jáde kí ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá tó kọjá. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ ju pé ogun nílò ilẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó lè kọ̀, nítorí òfin ogun ti fún ìjọba láṣẹ láti gba ilé àti ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba ti ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun pé kí wọ́n gbin gbogbo orí ilẹ̀ sì gbọ́ láti ẹnu ìjọba kan náà pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbìn sílẹ̀.

Ó yẹ kí ìtàn dúró díẹ̀ lórí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, nítorí àwọn ìwé ogun sábà máa ń fi gbólóhùn kan kọjá rẹ̀. Ìgbà òtútù ni, ọjọ́ kúrú, òjò sì sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀. Ẹṣin ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń fa ẹrù, nítorí epo ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọkà tí wọ́n kórè ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì pa wà nínú àká, ewébẹ̀ ìgbà òtútù ṣì wà nínú ilẹ̀, màlúù àti àgùntàn sì gbọ́dọ̀ rí pápá mìíràn lọ, tàbí kí olówó wọn tà wọ́n ní ọjà tí gbogbo aládùúgbò ti ń ta tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìrànwọ́ tí ń jẹ́ Women's Voluntary Service wá láti ran àwọn arúgbó àti àwọn tí ọkọ wọn wà lójú ogun lọ́wọ́ láti di ẹrù. Àwọn kan lára àwọn arúgbó náà kò tíì sun ibòmíràn rí lálẹ́ kan. Wọ́n tú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó èyí tó ṣeé kó lọ, wọ́n fi àpò iyanrìn yí èyí tí kò ṣeé gbé ká, bíṣọ́ọ̀bù Exeter sì fi ìwé kan sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ àwọn ọmọ ogun alájọṣe pé ilé yìí ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti fi sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n jọ̀wọ́ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa parí, abúlé ti dá wáí, eku nìkan ló kù nínú àwọn àká.

Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọlé ní ọdún tuntun, àwọn dídánrawò ńlá sì tẹ̀ lé ara wọn láti oṣù Kìíní. Lẹ́bàá odò Dart àti ní àwọn èbúté kéékèèké mìíràn, wọ́n to kọnkéré pẹlẹbẹ sórí ẹrẹ̀ etí omi kí LST lè fi ẹnu kàn án láti gbé táńkì. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní Dartmouth di ọ́fíìsì àwọn ará Amẹ́ríkà. Kì í ṣe Devon nìkan ni iṣẹ́ náà ti ń pa ènìyàn. Ní Studland, ní agbègbè Dorset, wọ́n ń dán táńkì olómi wò, èyí tí Nicholas Straussler, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Hungary, rò pé kí wọ́n fi aṣọ kánfáàsì gíga yí ká kí ó lè léfòó, kí wọ́n sì so ajẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ó lè wẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1944, afẹ́fẹ́ dìde, ìgbì bo kánfáàsì mọ́lẹ̀, àwọn táńkì kan rì lọ sí ìsàlẹ̀, ènìyàn mẹ́fà sì bá wọn lọ.

Dídánrawò tó tóbi jù ní Slapton ni èyí tí wọ́n pè ní Tiger, láti ọjọ́ 22 sí 30 oṣù Kẹrin, pẹ̀lú nǹkan bí 30,000 ọmọ ogun. Ẹgbẹ́ U, ìyẹn àwọn tí yóò lọ sí Utah, ló ni ín, ọ̀gágun ojú omi Don Moon sì ni olórí ọkọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọ ọjọ́ gidi: kí wọ́n wọkọ̀ ní èbúté, kí wọ́n sùn lórí òkun, kí wọ́n yí ká títí ìrìn náà yóò fi gùn tó ti Faransé, kí wọ́n sì gúnlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ogun bá ti yìnbọn sí etíkun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27, nígbà tí àwọn ọkọ̀ kan pẹ́, Moon sún wákàtí ìgúnlẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ìdàrúdàpọ̀ sì wà ní etíkun. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ kan.

Ní òru tó tẹ̀ lé e, ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní T-4 ń bọ̀ gba inú Lyme Bay pẹ̀lú àwọn tí yóò gúnlẹ̀ ṣìkejì: àwọn ẹnjiníà tó ń la ọ̀nà, àwọn olùtọ́jú epo àti oúnjẹ, àwọn oníṣègùn. LST mẹ́jọ ni, márùn-ún láti Plymouth, mẹ́ta láti Brixham, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ méjì ló yẹ kó bá wọn rìn; èyí tó lágbára jù, HMS Scimitar, ti kọlu ọkọ̀ mìíràn, ó sì wà ní Plymouth fún àtúnṣe, èyí tó kù, HMS Azalea, nìkan ló wà níwájú, àwọn tó wà nínú LST kò sì mọ̀ pé ọ̀kan ti yẹ̀ lára àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn. Ọkọ̀ Jámánì mẹ́sàn-án ti jáde láti Cherbourg lálẹ́ yẹn. Ọkọ̀ kékeré tó yára gan-an ni wọ́n, tí ń sáré ju 40 máìlì lọ ní wákàtí kan, wọ́n sì gbé tọ́pídò, àdó olóró tó ń fúnra rẹ̀ rìn lábẹ́ omi títí yóò fi kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì rí wọn, wọ́n sì kéde rẹ̀ lórí rédíò, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan nínú ìwé àṣẹ ti fi àwọn LST sí orí ìgbì rédíò tó yàtọ̀ sí ti Azalea àti ti àwọn olú-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìkìlọ̀ náà sì ń dún níbi tí etí wọn kò sí.

Agogo méjì òru ọjọ́ 28 kọjá díẹ̀ nígbà tí tọ́pídò bá LST-507. Iná gbà á, epo inú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń jó lórí omi. Láìpẹ́ rẹ̀, tọ́pídò méjì bá LST-531, ó sì rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ kò rí àtẹ̀gùn gùn. LST-289 pàdánù ìdí rẹ̀ ṣùgbọ́n ó rá pálá dé Dartmouth. Nínú òkùnkùn náà, ọkọ̀ kan lára wọn yìnbọn lu LST-511 tó jẹ́ tiwọn. Àṣẹ tó wà nílẹ̀ ni pé kí àwọn tó kù sá lọ sí etíkun, ó sì ní ìdí tirẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó bá dúró yóò di ẹran fún ọ̀tá. Síbẹ̀ John Doyle, ọ̀gá LST-515, yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó sì yọ ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ kúrò nínú omi.

Omi oṣù Kẹrin ní Lyme Bay tutù débi pé kò jẹ́ kí ẹni tó bọ́ sínú rẹ̀ pẹ́. Ohun tó burú jù, tó sì dunni jù nítorí pé kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, ni ti bẹ́líìtì ìléfòó. Abẹ́ apá ló yẹ kí wọ́n so ó mọ́, ṣùgbọ́n nítorí ẹrù tó wà lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun so ó mọ́ ìbàdí, kò sì sí ẹni tó ti kọ́ wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n bẹ́ sómi tí wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó gbé ìdí wọn sókè, ó ri orí wọn mọ́lẹ̀. Iye àwọn tó kú tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń lò ni 749, nínú èyí tí 198 jẹ́ ọmọ ogun ojú omi, tí 551 sì jẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ìdílé wọn ní Amẹ́ríkà kò gbọ́ ju pé ọmọ wọn kú tàbí pé wọn kò rí i mọ́.

Ní olú-iṣẹ́ Eisenhower, ẹ̀rù méjì ló bà wọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gá mẹ́wàá tó mọ ibi tí ìgúnlẹ̀ yóò ti wáyé wà lára àwọn tí wọn kò rí, bí àwọn ará Jámánì bá sì ti fa ọ̀kan nínú wọn yọ láàyè, gbogbo ètò lè bàjẹ́. Àwọn awakọ̀ ojú omi wá inú òkun títí wọ́n fi rí òkú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìkejì ni ti ọkọ̀: pẹ̀lú LST méjì tó rì àti ọ̀kan tó fọ́, kò sí LST kankan tó kù ní ìpamọ́ fún ọjọ́ ńlá náà. Wọ́n pàṣẹ fún àwọn tó yè pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n sì sọ fún àwọn oníṣègùn pé kí wọ́n tọ́jú ọgbẹ́, kí wọ́n má bèèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìpanumọ́ yìí ní ìdí nígbà náà. Àwọn aláṣẹ kéde ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìgúnlẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944, ṣùgbọ́n ìròyìn Normandy ti bo gbogbo etí, àwọn tó kú ní Lyme Bay kò sì gba ìdá kékeré kan nínú ọ̀fọ̀ tó tọ́ sí wọn.

Àtúnṣe wáyé kíákíá. Wọ́n mú ìgbì rédíò àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bára mu, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe ń so bẹ́líìtì ìléfòó, wọ́n sì ya ọkọ̀ kéékèèké ọ̀tọ̀ sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa yọ ènìyàn nínú omi. Ọgọ́ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, ló bá ìgúnlẹ̀ náà lọ. Nígbà tí oṣù Karùn-ún parí, wọ́n ti ti àwọn ọmọ ogun mọ́ inú àgọ́ yíká gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ hàn wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde mọ́. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi gíríìsì àti ohun tó jọ àtè di gbogbo ojú ihò ẹ́ńjìnì, tí wọ́n sì fa páìpù èéfín ọkọ̀ ga sókè kí wọ́n lè wa inú omi tó dé àyà láìkú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, dífíṣọ̀n kẹrin ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ ní Utah. Omi ti gbé wọn lọ sí gúúsù ibi tí wọ́n fojú sùn, Ọ̀gágun Theodore Roosevelt Kékeré, tó bá àwọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, sì rí i pé àwọn odi ọ̀tá ibẹ̀ kò le tó ti ibi tí wọ́n ti pinnu, ó ní kí àwọn tó kù máa bọ̀ níbẹ̀. Ó lé ní 20,000 tó gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, iye àwọn tó kú, tó fara pa tàbí tó sọnù nínú dífíṣọ̀n kẹrin kò sì tó 200. Àwọn kan máa ń sọ pé ikú Lyme Bay ló ra ìrọ̀rùn Utah. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gán-án: ìṣàn omi, bọ́ǹbù tó bá ojú rẹ̀, àti táńkì olómi méjìdínlọ́gbọ̀n nínú méjìlélọ́gbọ̀n tó dé ilẹ̀ nítorí pé wọ́n sún mọ́ etíkun kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, gbogbo wọn ní ipa tiwọn, ṣùgbọ́n ní Omaha, etíkun Normandy mìíràn níbi tí wọ́n ti tú irú táńkì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lókèèrè, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ẹgbẹ́ kan ló rì. Ohun tó dájú ni pé àwọn tó gúnlẹ̀ ní Utah mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ọkọ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀nà tóóró kọjá omi, Slapton ló sì kọ́ wọn. Ọ̀gágun Moon, tó ru ẹrù Tiger àti ti Utah pọ̀, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún náà, nígbà tó ń múra ìgúnlẹ̀ gúúsù Faransé. Ó yẹ kí wọ́n ka òun náà mọ́ àwọn tí ìmúrasílẹ̀ náà pa.

Àwọn ará South Hams bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀ láti apá ìkẹyìn ọdún 1944, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó bọ́ǹbù tí kò bú kúrò nínú pápá. Wọ́n bá òrùlé tó lu, fèrèsé tó fọ́, ọgbà tí koríko ti gbà, àti eku tí kò níye. Ilé ìtura Royal Sands tó wà létí omi ti di àlàpà, wọn kò sì tún un kọ́ mọ́. Àwọn arúgbó kan ti kú síbi tí wọ́n sá lọ, àwọn kan ti rí iṣẹ́ níbòmíràn, wọn kò padà mọ́. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ sí etíkun Slapton láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi ilé àti ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ọpẹ́ tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n òkúta náà kò sọ ohun kan nípa àwọn 749. Ó di ọdún 1984 kí Ken Small, ọkùnrin kan tó ń gbé Torcross, tó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá bá àwọn aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ náà, tó sì ra táńkì olómi kan tó rì sínú òkun lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní dọ́là 50, tó fa táńkì náà jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, tó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà fún ìrántí wọn, ní ọdún 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì fi àkọlé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.